Ẹja kò mọ ẹnubodè: òfin òkun tuntun ti Gánà àti ohun tí ó kan Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ John Dramani Mahama fọwọ́ sí òfin tuntun kan lórí ẹja pípa àti ẹja sísìn ní orílẹ̀-èdè Gánà. Nọ́ńbà òfin náà ni 1146. Gánà jìnnà sí Àjàṣẹ́, ó sì jìnnà sí Kétu ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìròyìn náà lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Gánà nìkan ni. Ṣùgbọ́n ẹja ṣáwá tí àwọn obìnrin ń yan ní etíkun Kútọnu, tí wọ́n ń tò sínú apẹ̀rẹ̀ lọ sí ọjà òkè, kò mọ ẹnubodè. Inú omi kan náà ni òun àti ẹja Gánà ń gbé. Òfin tí ó bá kan ọ̀kan ti kan èkejì.

Nítorí náà, ó yẹ kí ará Bẹ̀nẹ̀ àti ará Tógò yẹ òfin yìí wò dáadáa. Kí ni ó sọ? Ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀? Ta ni yóò ru ẹrù rẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ìdajì iṣẹ́ ni. Ìdajì tí ó kù wà lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò Gánà. Bí wọ́n bá jókòó tí wọ́n ń wòran, òfin náà lè pa wọ́n lára, kò sì ní lè dáàbò bo ẹja bí ó ti yẹ.

Ohun tí òfin náà sọ

Lábẹ́ òfin Gánà ti ọdún 2002, apá òkun tí ó sún mọ́ ilẹ̀ jẹ́ ti àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré. Ìwọ̀n rẹ̀ dé máìlì òkun 6 láti etí omi, tàbí dé ibi tí omi ti jìn tó mítà 30, èyíkéyìí tí ó bá jìnnà jù. Máìlì òkun kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà méjì. Máìlì 6 jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 11. Òfin tuntun náà ti sọ máìlì 6 di 12, èyí tí í ṣe nǹkan bíi kìlómítà 22. Láti etí omi títí dé ibẹ̀, omi àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ni. Ọkọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n rẹ̀ sí i.

Àwọn ọkọ̀ ńlá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn jù ni àwọn tí èdè Faransé ń pè ní chalutier. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wọ́ àwọ̀n tí ó dà bí àpò ńlá lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀n náà ń gbá ilẹ̀ òkun bí ìgbálẹ̀ ti ń gbá àgbàlá. Ó ń kó ẹja àgbà, ó ń kó ọmọ ẹja. Ó ń kó èyí tí ó ní owó lórí, ó sì ń kó èyí tí wọn yóò dà padà sínú omi ní òkú. Bí ó bá súnmọ́ etíkun ní òru, ó lè fa àwọ̀n àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré ya. Àwọ̀n tí apẹja yá owó rà, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ so, a di àkísà lálẹ́ ọjọ́ kan.

Ní Gánà, ọ̀ràn náà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí òwò kan tí wọ́n ń pè ní sàíkò. Ọkọ̀ ńlá yóò kó ẹja wẹ́wẹ́ tí ó jẹ́ ti àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré. Yóò mú un dì bí yìnyín, yóò sì tà á lójú agbami fún ọkọ̀ mìíràn tí yóò gbé e wá sí etíkun. Òfin lòdì sí i, síbẹ̀ wọ́n ń ṣe é. Àjọ kan tí ń jẹ́ Environmental Justice Foundation ṣírò pé ní ọdún 2017 nìkan, nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 100 000 ẹja ni wọ́n gbà bẹ́ẹ̀ gbé wọlé. Ẹni tí wọ́n jí ẹja rẹ̀ lójú omi ni wọ́n tún ń ta ẹja náà fún ní èbúté.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kọ ìwé ìkìlọ̀ sí Gánà. Wọ́n ní bí kò bá dẹ́kun ẹja pípa tí ó lòdì sí òfin, ọjà Yúróòpù lè tì mọ́ ẹja rẹ̀. Àwọn apẹja Gánà fúnra wọn náà ti pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ẹja ń tán. Láti inú ìkìlọ̀ òde àti igbe ilé ni òfin tuntun yìí ti jáde. Ó yẹ kí a yìn ín. Kò wọ́pọ̀ ní etíkun yìí kí ìjọba gba ibi ìpẹja lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ ńlá kí ó sì fi lé ọlọ́kọ̀ kékeré lọ́wọ́.

Ẹja kan, orílẹ̀-èdè púpọ̀

Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń rú sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní iwájú Côte d'Ivoire àti Gánà. Omi náà ń gbé oúnjẹ ẹja wá sókè. Ìgbà náà ni ṣáwá ń pọ̀, tí ó sì ń yé ẹyin. Agbo ẹja náà kì í dúró sí ojú kan. Ó ń tẹ̀lé oúnjẹ àti omi tútù, bí Fúlàní darandaran ti ń tẹ̀lé koríko. Àwọn onímọ̀ tí ń ka ẹja òkun máa ń ka ṣáwá Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ pọ̀ mọ́ ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìdílé kan.

Wo bí etíkun náà ti rí. Ti Gánà gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 550. Ti Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 120. Ti Tógò kò ju nǹkan bíi 50 lọ. Ọkọ̀ kékeré tí ó ní ẹ̀rọ lè kúrò ní Aflao ní òwúrọ̀, kí ó la gbogbo etíkun Tógò kọjá, kí ó sì dé omi Bẹ̀nẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹja pàápàá kò nílò ẹ̀rọ láti rin ìrìn bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹja tí àwọ̀n ńlá kan bá gbá mọ́lẹ̀ ní iwájú Kéta lè jẹ́ èyí tí ìbá dàgbà wọ àwọ̀n apẹja Grand-Popo. Bákan náà, ọmọ ẹja tí Gánà bá dá sí lè kọjá ààlà lọ bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò dá nǹkan kan sí.

Àwọn tí ó ṣe òfin òkun fún gbogbo ayé mọ èyí. Òfin òkun ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1982, fún orílẹ̀-èdè etíkun kọ̀ọ̀kan ní àṣẹ lórí ẹja inú omi rẹ̀ títí dé máìlì 200. Ṣùgbọ́n abala 63 òfin náà fi ojúṣe kún àṣẹ. Ó ní bí ẹja kan náà bá ń gbé inú omi orílẹ̀-èdè méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n wá bí wọn yóò ti fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ṣe tọ́jú rẹ̀. Ẹni tí ó bá di àṣẹ mú tí ó ju ojúṣe nù, ìdajì òfin ni ó ń pa mọ́.

Ọgbà tí ó ní ihò

Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin ẹja pípa tí ó wà nílẹ̀ ni òfin nọ́ńbà 2014-19 ti ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2014. Apá òkun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ọlọ́kọ̀ kékeré ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ máìlì 5. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1992 náà sọ pé ọkọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ wọ́ àwọ̀n láàárín máìlì 5 sí etí omi. Tógò ní òfin tirẹ̀, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2016. Gbogbo wọn ni ó ní òfin. Ohun tí kò sí ni òfin tí ó bá ara wọn mu.

Fi máìlì 5 ti Bẹ̀nẹ̀ wé máìlì 12 ti Gánà. Ó ku máìlì 7, èyí tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 13. Láàárín kìlómítà 13 yẹn, ohun tí ó di ẹ̀ṣẹ̀ ní omi Gánà lè jẹ́ òwò tí ó bófin mu ní omi Bẹ̀nẹ̀, bí ọlọ́kọ̀ ńlá bá ti gba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ ńlá kì í sunkún bí ilẹ̀kùn kan bá tì. Yóò wá ilẹ̀kùn mìíràn tí ó ṣí sílẹ̀. Bí wọ́n bá lé e kúrò ní apá kan, yóò lọ béèrè ìwé àṣẹ ní apá kejì. Bí kò bá rí ìwé, ó lè wọlé ní òru níbi tí ó mọ̀ pé kò sí ẹ̀ṣọ́. Ewu tí ó wà fún Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò nìyí: kí omi wọn di ibi tí ohun tí Gánà kọ̀ yóò wá tú sí.

Ti ìsinmi òkun náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2019, Gánà kọ́kọ́ ní kí àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré sinmi fún oṣù kan, kí ẹja lè yé ẹyin. Àwọn apẹja ráhùn púpọ̀. Ní ọdún 2025, ìjọba dá àwọn ọlọ́kọ̀ kékeré sí, ó ní kí àwọn ọkọ̀ ńlá nìkan sinmi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹnu ọmọ láti bọ́ yóò mọ ìdí tí apẹja fi ń ráhùn. Ẹni tí ó fi ebi san owó ìsinmi ní Kéta mọ̀ pé ẹlòmíràn lè máa kó ẹja kan náà lọ ní òdìkejì ààlà. Kò sí ẹni tí yóò fi tọkàntọkàn dá ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń jẹ lójú rẹ̀ sí. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà.

Ta ni àlejò lórí omi?

Ọ̀rọ̀ ẹja kò dá dúró. Ọ̀rọ̀ ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn apẹja láti Kéta àti àwọn Fántì láti Gánà ti ń wá sí etíkun Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wọn. Wọ́n ń kọ́ ilé, wọ́n ń fẹ́ ìyàwó, wọ́n ń bí ọmọ níbẹ̀. Lórí ọ̀sà, apẹja Àjàṣẹ́ àti apẹja Àgbádárìgì ń gba ojú omi kan náà. Ẹlòmíràn ní ìyá ìyàwó ní òdìkejì ààlà, kì í sì í béèrè lọ́wọ́ ìjọba kí ó tó lọ kí i. Àṣà ni ó ń dáàbò bo àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ìwé kò dáàbò bò wọ́n.

Ọ̀pọ̀ rò pé àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 ti yanjú ọ̀rọ̀ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn náà fún ọmọ orílẹ̀-èdè kan ní ẹ̀tọ́ láti wọ orílẹ̀-èdè mìíràn kí ó sì wà níbẹ̀ fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ kọjá. Kò sọ pé àwọ̀n náà lè kọjá. Ẹja inú òkun jẹ́ ti orílẹ̀-èdè tí ó ni omi, òun ni yóò sì sọ ẹni tí yóò pa á. Nítorí náà, apẹja tí ó gba ẹnubodè wọlé ní ọ̀nà tí ó tọ́ lè di arúfin ní kété tí ó bá ju àwọ̀n sínú omi.

Àṣà dára, ṣùgbọ́n ìjọba lè pa á rẹ́ ní ọjọ́ kan. Àwọn Yorùbá kò ní gbàgbé oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ìjọba Gánà ìgbà náà ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí ó ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún di ẹni tí ń ru ẹrù lójú títì. Ní ọdún 1983, ó yí padà: Nàìjíríà ni ó lé àwọn ará Gánà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ẹnubodè ilẹ̀ rẹ̀, ó sì ju ọdún kan lọ kí ó tó ṣí i. Àwọn oníṣòwò tí ó gbójú lé àṣà rí i nígbà náà pé àṣà kò ní ìwé tí wọ́n lè fi han ọlọ́pàá.

Ohun tí ó yẹ kí a máa ṣọ́ nínú gbogbo òfin òkun tuntun nìyí. Bí ìjọba bá ń lé ọkọ̀ ńlá tí ó ti òkèèrè wá, kí ó ṣọ́ra kí ọ̀pá kan náà má bà ba ọlọ́kọ̀ kékeré tí ó ti ilé kejì wá. Àwọn méjèèjì ni òfin ń pè ní àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi ọkọ̀ onígi pa ẹja tí yóò tà ní etíkun kan náà kò jọ ilé iṣẹ́ tí ó ń kó ẹja dídì lọ sí ẹ̀yìn òkun. Òfin tí kò bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò fi orúkọ ìdáàbòbò ẹja ba ilé onílé jẹ́.

Àwọn tí ó ní àtakò

Àwọn kan yóò sọ pé Bẹ̀nẹ̀ kò lè fara wé Gánà. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Ilẹ̀ òkun tí kò jìn kò fẹ̀ púpọ̀ ní iwájú Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Bí ènìyàn bá rìn díẹ̀ lórí omi, ilẹ̀ yóò jìn wọ ìsàlẹ̀ lójijì. Bí ààlà bá di máìlì 12 níbẹ̀, ibi tí ọkọ̀ ńlá lè wọ́ àwọ̀n sí yóò kù díẹ̀. Ìjọba yóò pàdánù owó ìwé àṣẹ, àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ńlá yóò sì wá iṣẹ́ mìíràn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kò pọn dandan kí nọ́ńbà náà jẹ́ 12 níbi gbogbo. Wọ́n lè fi jíjìn omi ṣe ìwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí òfin Gánà àtijọ́ ti ṣe. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni kí àwọn aládùúgbò jókòó yan ìwọ̀n náà pọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá sì di ti iṣẹ́, kí wọ́n ka gbogbo ọwọ́ tí ẹja ọlọ́kọ̀ kékeré ń gbà kọjá: ẹni tí ń wa ọkọ̀, ẹni tí ń fa àwọ̀n, ẹni tí ń tún àwọ̀n ṣe, ẹni tí ń rà ní etíkun, ẹni tí ń yan án, ẹni tí ń rù ú lọ sí ọjà. Ẹja ọkọ̀ ńlá kì í gba ọwọ́ tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé ọlọ́kọ̀ kékeré náà ń ba òkun jẹ́. Òtítọ́ ni èyí pẹ̀lú. Àwọn kan ń lo àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ tí ọmọ ẹja kò lè gbà jáde. Àwọn kan ń tan iná ní òru láti tan ẹja jẹ. Àwọn kan ń da májèlé sínú omi. Lórí adágún Nokoué, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ní láti kó àwọn àwọ̀n tí òfin kọ̀ kúrò nínú omi, nítorí pé wọ́n ń dí ọ̀nà ẹja. Òfin tí ó bá gba ibi ìpẹja lọ́wọ́ ẹni ńlá tí ó sì fi lé ẹni kékeré lọ́wọ́ láìfi ìlànà tì í, ń pààrọ̀ ẹni tí yóò pa ẹja tán ni. Ẹ̀tọ́ àti ìkóra-ẹni-níjàánu gbọ́dọ̀ jọ rìn.

Àwọn ẹ̀kẹta yóò béèrè pé: ta ni yóò ṣọ́ máìlì 12? Ìbéèrè yìí ni ó le jù. Ààlà tí kò ní ẹ̀ṣọ́ dà bí ilé tí a fi itọ́ mọ: ìrì ni yóò wó o. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ òkun wọ́n, epo wọ́n, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kò sì lè dá ṣọ́ gbogbo omi rẹ̀ ní ọ̀sán àti òru. Ìdí mìíràn nìyí tí ó fi yẹ kí wọ́n parapọ̀. Ọkọ̀ tí ó ṣẹ̀ ní omi Gánà kò gbọdọ̀ rí èbúté tí yóò gbà á ní Lómé, ní Kútọnu tàbí ní Èkó.

Ohun tí ó ṣeé ṣe

Kò sí ìdí láti dá ilé tuntun sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ìgbìmọ̀ kan ti wà, tí àwọn elédè Faransé ń pè ní CPCO. Orílẹ̀-èdè mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀: Làìbéríà, Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Olú ilé rẹ̀ wà ní Tema, ní Gánà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fìmọ̀ ṣọ̀kan lórí ẹja. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ òfin tuntun yìí ti kọ́kọ́ délẹ̀.

Àpẹẹrẹ tún wà nítòsí pé Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò lè jọ ṣọ́ omi. Ní ọdún 2017, UNESCO gba agbègbè odò Mónò wọlé gẹ́gẹ́ bí agbègbè ìdáàbòbò kan ṣoṣo tí ó wà lórí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò. Ní ẹnu odò náà, níbi tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy, àwọn ará ìlú fi Zangbeto ṣọ́ àwọn igi tí ń hù nínú omi iyọ̀, tí ẹja ń yé ẹyin sí abẹ́ gbòǹgbò wọn. Ẹni tí kò bẹ̀rù ìwé ìjọba bẹ̀rù Zangbeto. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn máa ń pa òfin mọ́ bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, tí wọ́n bá sì gbà pé tiwọn ni.

Ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí àwọn ìjọba ṣe. Èkíní, kí Gánà, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ fohùn ṣọ̀kan lórí apá òkun tí ọkọ̀ ńlá kò gbọdọ̀ dé, àti lórí oṣù kan náà tí gbogbo wọn yóò jọ sinmi. Kí wọ́n sì pe Nàìjíríà àti Côte d'Ivoire sí i. Bí wọ́n bá ní kí ọlọ́kọ̀ kékeré sinmi, kí wọ́n ti ṣètò ohun tí ilé rẹ̀ yóò jẹ kí oṣù náà tó wọlé.

Èkejì, kí wọ́n fún ọlọ́kọ̀ kékeré tí ń kọjá ààlà ní ìwé kan tí kò wọ́n, tí gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó bá wọ àdéhùn náà yóò mọ̀. Kí orúkọ rẹ̀, irú àwọ̀n rẹ̀ àti etíkun tí yóò ti sọ ẹja kalẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ìwé bẹ́ẹ̀ yóò dáàbò bò ó lọ́wọ́ ẹni tí ń gba owó ẹ̀yìn. Yóò sì jẹ́ kí ìjọba mọ iye ẹni tí ń pa ẹja àti iye ẹja tí wọ́n ń pa.

Ẹ̀kẹta, kí wọ́n ka òfin sí etí àwọn tí ó kàn. Ní Gánà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin 1146. Ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, èdè Faransé ni. Ẹni tí ó ń fa àwọ̀n ń sọ Ewé, Fántì, Gùn, Xwla tàbí Yorùbá. Kò tọ́ kí ènìyàn san owó ìtanràn lórí òfin tí ẹnikẹ́ni kò kà fún un ní èdè tí ó gbọ́. Ní àkókò yìí tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń mọ ìwé kà ní èdè abínibí wọn, àwíjàre kò sí mọ́ fún ìjọba lórí èyí. Ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó láti sọ ibi tí ààlà wà, ojú àwọ̀n tí òfin gbà, oṣù ìsinmi, àti ibi tí ènìyàn lè gbé ẹjọ́ lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ apẹja àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń yan ẹja ní Bẹ̀nẹ̀ kò ní láti dúró de ìjọba kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n lè kọ ìwé sí aṣojú wọn ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àjàṣẹ́, kí wọ́n sì béèrè ohun kan pàtó: kí ni Bẹ̀nẹ̀ ti bá Gánà àti Tógò sọ láti ìgbà tí òfin 1146 ti di òfin, ìgbà wo sì ni máìlì 5 yóò wá fún àyẹ̀wò? Ìbéèrè tí ó bá wà nínú ìwé, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn tẹ ọwọ́ sí, ṣòro fún aṣojú láti ṣe bí ẹni pé òun kò gbọ́. Oṣù tí omi tútù ń rú máa ń padà wá lọ́dọọdún. Ó yẹ kí ìdáhùn wà nílẹ̀ kí àkókò náà tó tún dé.